Kí ẹ tó ra òróró míì sí orí tó ń pá

Ẹ̀yin ọkùnrin Àjàṣẹ́ tí iwájú orí yín ti ń sá lọ sẹ́yìn bíi tèmi, ẹ rọra náwó ní Wàǹdó o. Àdín dáa, mi ò bá a jà, ara irun ló ń pa mọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ wà kò débẹ̀ rárá.

Dókítà awọ gbé awò kékeré kan lé àtàrí mi, ó fi hàn mí lórí fóònù, irun tó nípọn àti èyí tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn dà pọ̀ mọ́ra, ó wá gbé e lọ sí ìpákọ́, gbogbo ẹ̀ nípọn bákan náà. Ó ní ti ìdílé nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ara tó ń jẹ́ 5-alpha reductase, òun ló ń sọ testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin, di họ́mọ̀nù míì tó ń jẹ́ DHT, DHT yẹn ló ń mú kí ihò irun iwájú orí àti àtàrí máa kéré sí i, irun ibẹ̀ á máa tín-ín-rín títí kò fi ní hàn mọ́. Àwọn tó ń sọ pé họ́mọ̀nù apárí pọ̀ ju ti ẹlòmíì, irọ́ ni jàre, bí ihò irun ẹ̀ ṣe ń gba DHT sí ni. (Ẹ̀yin ìyá tí etí orí yín ń pá torí irun dídì tó le, ọ̀tọ̀ ni tiyín, ẹ tú u.)

Oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ finasteride ló ń dí ẹ́ńsáìmù yẹn lọ́wọ́. Pròsítéètì ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbà á fún ní 1992, 5 mg, kó tó di ti irun ní 1997, 1 mg lójúmọ́. Minoxidil, oògùn irun míì, kì í fọwọ́ kan ẹ́ńsáìmù, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ ní sùúrù oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tẹ́ ẹ bá sì dáwọ́ dúró, èyí tó hù á tún lọ. Finasteride máa ń dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àwọn kan kù, ó sì lè mú kí ọkàn ẹlòmíì rẹ̀wẹ̀sì, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Èmi, hóró finasteride 5 mg ni dókítà ní kí n máa fi abẹ gé sí wẹ́wẹ́ fún irun. Ìyàwó mi lóyún nígbà náà, ó fẹ́ bá mi nu ẹ̀rún ẹ̀ kúrò lórí tábìlì, mo ní má fọwọ́ kàn án o, torí ó lè gba awọ wọlé kó ba ojú ara ọmọkùnrin inú oyún jẹ́. Ẹ̀yin àgbà tó bá ń lò ó, tí wọ́n bá fẹ́ yẹ PSA yín wò, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún pròsítéètì, ẹ tètè sọ fún wọn, ó máa ń fa nọ́ńbà yẹn wálẹ̀ dé bí ìdajì.