Ọlọ́kọ̀ tó gbá mi sá lọ, wọn ò rí i títí dòní, àmọ́ owó dé o! Ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin àbúrò. Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga! Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé lọ́jọ́ tọ́rọ̀ yìí bá parí màá jáde síta màá sọ ọ́, mi ò ní fi ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ láàrin èmi àtàwọn ọmọ mi. Ó parí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀ o, ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

November 2023 ni, ọjọ́ Sátidé. Lọ́ńdọ̀n níbí ni mò ń gbé, iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe, àwọn arúgbó la máa ń tọ́jú. Mo ti ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, mo sùn dọ̀sán, mo wá ní kí n sáré lọ ra iṣu ní Peckham torí ọmọ mi ọkùnrin ń bọ̀ láti yunifásítì, iyán ló lóun fẹ́ jẹ, ó ti tó oṣù méjì tó ti ń jẹ nǹkan òyìnbó. Rye Lane ni mo ti rà á, iṣu Gánà méjì tó dáa, panla, ata rodo, ewédú inú yìnyín. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo bọ́ sílẹ̀ ní Old Kent Road. Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀yin tẹ́ẹ wà níbí mọ̀ pé tó bá ti di November, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti dòru. Mo dúró títí iná fi dá àwọn ọlọ́kọ̀ dúró, tí tiwa àwa tá à ń fẹsẹ̀ rìn di gríìnì, mo wá bọ́ sójú títì.

Mi ò gbọ́ bíréèkì. Gbàà! ni mo gbọ́, ìgbà tí màá fi mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ mo ti wà nílẹ̀, mò ń wo ojú ọ̀run, iṣu mi kan sì ń yí lọ sábẹ́ bọ́ọ̀sì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, iṣu yẹn ni mo tẹjú mọ́. "Iṣu mi, iṣu mi" ni mò ń wí. Obìnrin òyìnbó kan kúnlẹ̀ tì mí lórí títì yẹn, nínú omi òjò, ó bọ́ kóòtù ara ẹ̀ ó fi bò mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ní kí n má mira. Ìgbà tí mo gbórí sókè wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo rí i pé bàtà mi kọjú síbi tí kò yẹ kí bàtà kọjú sí. Háà! Mo pe Jésù, mo pe ìyá mi tó ti kú, mo pe gbogbo èèyàn.

Ọlọ́kọ̀ náà ńkọ́? Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó dúró o. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó wò mí nílẹ̀ níbẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ ẹ̀ wọlé padà, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì fi eré sí i bí ẹni tí Ṣàngó ń lé. Wíwò tó wò mí yẹn dùn mí ju egungun tó kán lọ. Ká ní kò dúró rárá ni, ǹ bá ní bóyá kò mọ̀ pé èèyàn lòun gbá.

Áńbúláǹsì gbé mi lọ sí ọsibítù King's ní Denmark Hill, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ki irin gígùn kan bọ inú egungun ojúgun mi, wọ́n fi skúrù mẹ́rin dè é. Nọ́ọ̀sì alẹ́ kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, tó bá ti fún mi lóògùn tán á ní "Mummy, ó ti tán nílẹ̀ o", èmi náà á ní àmín. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò.

Wọ́n dá mi padà sílé, ibẹ̀ ni wàhálà gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Àjà kejì ni mò ń gbé, kò sí líìfìtì. Tí mo bá fẹ́ lọ sọ́sibítù, ìdí ni mo fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ká ọ̀pá méjèèjì sórí itan, ọmọ mi obìnrin á máa lọ níwájú mi kí n má bàa yọ̀. Èmi tí mò ń gbé arúgbó dìde lójoojúmọ́! Ọmọ mi ló ń wẹ̀ mí. Ní ti owó, owó àìsàn tí òfin ní kí wọ́n máa san ni mò ń gbà, £109.40 lọ́sẹ̀ nígbà yẹn, lọ́dún 2023, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ò sì ní owó nígbà náà, tó bá sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n ó tán nìyẹn. £109.40 ní Lọ́ńdọ̀n! Rẹ́ǹtì ò gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi kán. Àwọn ará Ìbàdàn náà ò gbọ́, torí mi ò sọ fún wọn, wọ́n ṣì ń pè pé owó ilé ìwé ti tó san.

Ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ o, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Kámẹ́rà bọ́ọ̀sì ká nọ́ńbà mọ́tò náà, a yọ̀, a ní ọwọ́ ti bà á. Àṣé nọ́ńbà olórí-burúkú yẹn ayédèrú ni, ó wo nọ́ńbà mọ́tò ẹlòmíì ó lọ tẹ irú ẹ̀ lẹ̀ mọ́ tiẹ̀. Wọ́n délé ẹni tó ni nọ́ńbà gidi, mọ́tò tiẹ̀ ò kúrò níwájú ilé lọ́jọ́ náà. Ó tó oṣù mẹ́rin kí lẹ́tà tó dé pé àwọn ti pa fáìlì dé ná, tí nǹkan tuntun bá yọjú àwọn á ṣí i padà.

Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún jù. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ń ní "sìsítà, ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́, atẹ́gùn?" Bùrọ́dà kan mú ọkùnrin kan wá sílé tó lóun mọ ọ̀nà ẹ̀, ó ní pẹ́sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n làwọn máa yọ nínú owó tó bá jáde, ó wá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún mi pé kí n parọ́ pé ọrùn àti ẹ̀yìn náà ń dùn mí, pé owó á pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mo rò ó o. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì gbáko. Rẹ́ǹtì oṣù méjì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì san. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí, mi ò pè é padà.

Ibi tí Ọlọ́run ti wá yọ sí mi, ibi tá a ti ń ṣe fisió ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ wa láti rìn padà. Bàbá Jàmáíkà kan máa ń jókòó tì mí, ó ti wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀n títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó bi mí pé ṣé mo ti kọ̀wé sí MIB? Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé, ó ní kò pọn dandan kí wọ́n rí ẹni tó gbá ọ kó o tó gbowó.

Motor Insurers' Bureau ni, ọdún 1946 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Òfin ni pé ilé iṣẹ́ inṣọ́ráǹsì tó bá fẹ́ máa ṣe ti mọ́tò nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ kó sì máa dá owó síbẹ̀. Owó àdájọ yẹn ni wọ́n fi ń san fún ẹni tí mọ́tò tí ò ní inṣọ́ráǹsì bá gbá, wọ́n sì tún ń san fún ẹni tí wọ́n gbá tí wọ́n sá lọ, àdéhùn wà láàrin wọn àti ìjọba lórí ẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò fún tèmi yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ọdún mẹ́ta lèèyàn ní láti kọ̀wé lórí ìpalára. Ẹ ò nílò lọ́yà dandan, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀ láti kọ̀wé. Torí náà gbogbo ẹ̀yin tẹ́ẹ ń san inṣọ́ráǹsì mọ́tò nílùú yìí tẹ́ẹ ń ráhùn pé ó ti wọ́n jù, ẹ ṣé o, díẹ̀ lára ẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ má ráhùn mọ́. Àbí kẹ́ẹ ráhùn díẹ̀, ó wọ́n lóòótọ́.

Ọmọ mi ló jókòó ti fọ́ọ̀mù náà lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà kéèsì tí ọlọ́pàá fún wa, fọ́tò ẹsẹ̀, ìwé ọsibítù, rìsíìtì táksí tá a gbé lọ sí fisió, gbogbo ẹ̀ la kó sí i. Wọ́n bèèrè ẹ̀rí iye tí mò ń gbà níbi iṣẹ́. Ẹ wò ó, agolo bísíkíìtì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tí mo máa ń ju pẹ́ẹ́sílíìpù sí, àwọn ọmọ máa ń fi mí ṣẹ̀sín pé Mummy ń kó ìdọ̀tí jọ. Lọ́jọ́ yẹn mo ní kí wọ́n lọ gbé ìdọ̀tí mi wá. Ọdún mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, kò sí oṣù kan tó sọnù.

Nǹkan tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ní kí n kọ wákàtí tí ọmọ mi fi ń wẹ̀ mí, tó fi ń dáná, tó fi ń gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ọmọ mi ni, ṣé ọmọ ń gba owó lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ni? Wọ́n ní rárá, iṣẹ́ ni, ẹni tó fa ìpalára ló yẹ kó sanwó ẹ̀. Mo wo ọmọ mi, òun náà wò mí, a bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Mummy, ẹ kọ wákàtí tẹ́ẹ fi pariwo mọ́ mi pé omi ti gbóná jù sí i".

Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ dókítà egungun, ó yẹ̀ mí wò, ó kọ̀wé ránṣẹ́. Nígbà tó yá ímeèlì dé pé iye báyìí làwọn fẹ́ san. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n pé kí n gbà á. Bàbá Jàmáíkà ló ní kí n fara balẹ̀, pé tí mo bá ti fọwọ́ sí i ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn, skúrù tó ń gún mi lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Lóòótọ́, ọsibítù ti ní àwọn máa yọ méjì nínú ẹ̀. Mo kọ̀wé padà pé kí wọ́n ní sùúrù fún mi títí wọ́n fi máa yọ ọ́. Inú lẹ́tà wọn fúnra wọn ni wọ́n ti sọ pé tí ohun táwọn pinnu ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, adájọ́ tó máa là á wà. A ò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ skúrù tán, owó tuntun tí wọ́n kọ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tàkọ́kọ́. Ẹ má bi mí pé èló ni o, ayé ń gbọ́.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí owó wọlé, ọ̀sán ni mò ń ṣe báyìí. Mo ń fún màmá òyìnbó kan ní ọ̀gì òyìnbó wọn jẹ, fóònù gbọ̀n nínú àpò épírọ́ọ̀nù mi, mo yọjú wò ó, mo pariwo "Jésù!" ṣíbí já bọ́. Màmá ní ta ló kú? Mo ní kò sẹ́ni tó kú, Mama, kò sẹ́ni tó kú!

Rẹ́ǹtì ti san. Ìbàdàn ti gba tiwọn. Ìdúpẹ́ wa di Sunday tó kẹ́yìn oṣù yìí, iyán wà, ẹ̀yin tẹ́ẹ bá wà nítòsí ẹ wá.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Kóòtù obìnrin yẹn tẹ̀lé mi wọ áńbúláǹsì, kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ ẹ̀. Kóòtù búlúù ni, ó gùn dé orúnkún, bọ́tìnì kejì láti òkè ti já kí n tó rí i. Mo ti gbé e lọ fọ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ti lọ tán. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ló wà. Tí mo bá ń gba Old Kent Road kọjá lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń ká a sínú báàgì, mo máa ń dúró díẹ̀ nídìí iná yẹn.