Ìwé mẹ́ta, àpótí mẹ́ta: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ìbò aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàdì ìdìbò kiri ilé, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹkùn tí ẹ wà. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń ṣìnà, kì í ṣe níwájú àpótí.

Èèyàn 27 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ń rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá: sẹ́nétọ̀ 3 nínú 109, àti aṣojú-ṣòfin 24 nínú 360. Ẹkùn sẹ́nétọ̀ kò ṣòro. Àárín Gbùngbùn kó Lagos Island, Mẹ́ńláǹdì, Súrùlérè, Àpápá àti Etí-Ọ̀sà. Ìlà-Oòrùn kó Ẹ̀pẹ́, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, Ìkòròdú, Kòsọ́fẹ́ àti Ṣómólú. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó kù, láti Àgbádárìgì títí dé Àgége, Ìwọ̀-Oòrùn ló gbé gbogbo wọn. Ìpín yẹn ò dọ́gba, ti aṣojú-ṣòfin sì tún wọ́ jù ú lọ: Lagos Island ní ìjókòó méjì, Àlímọ̀ṣọ́ tí èrò kún fọ́fọ́ ní ẹyọ kan ṣoṣo. Èmi ò tíì rí àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn lórí ìyẹn.

Orúkọ àdúgbò máa ń tan èèyàn jẹ. Ará Ìkòyí lè rò pé òun àti ará Ìsàlẹ̀ Èkó ló jọ ní aṣojú-ṣòfin kan náà. Rárá o. Etí-Ọ̀sà ni Ìkòyí wà, pẹ̀lú Victoria Island àti Lẹ́kkí. Yábàá àti Èbúté-Mẹ́tta wà ní Mẹ́ńláǹdì, nítorí náà sẹ́nétọ̀ Àárín Gbùngbùn ni tiwọn. Bàrígà tí kò jìnnà sí wọn wà ní Ṣómólú, sẹ́nétọ̀ Ìlà-Oòrùn ló ni ín. Ẹ gba Ojúẹlẹ́gbà kọjá sí Múṣin, ẹ ti bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ohun tó tún ń dá kún un ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ dá káńsù ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀ lórí ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà nínú ìwé òfin, ó wá di 57. INEC, àjọ elétò ìdìbò, kò mọ 37 yẹn rí. Bí ẹ bá sọ fún òṣìṣẹ́ INEC pé Ikoyi-Obalende ni ìjọba ìbílẹ̀ yín, kò ní rí i nínú ìwé rẹ̀.

Súrùlérè, Múṣin, Oṣòdì-Ìsọlọ̀ àti Lagos Island ló gba sùúrù jù, torí pé wọ́n pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí Kìíní àti Kejì, wọ́ọ̀dù yín ló sì máa sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Pátákó olùdíje ẹkùn méjèèjì lè wà ní títì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ olùdíje kankan lórí ìwé ìdìbò: àmì àti orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá ti mọ olùdíje yín kí ẹ tó kúrò nílé, ìwé náà ò ní sọ ọ́ fún yín.

Ẹ wo nọ́ńbà ibùdó ìdìbò yín. 24 tó ṣíwájú ni Èkó. Méjì tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ìbílẹ̀, méjì míì ni wọ́ọ̀dù, mẹ́ta tó kẹ́yìn ni ibùdó náà fúnra rẹ̀. Ní 2021, INEC sọ ibùdó 8,462 tó wà l'Ékòó di 13,325, ibi tí ẹ ti dìbò tẹ́lẹ̀ sì lè má jẹ́ tiyín mọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìdìbò bá mọ́. BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, ti ibùdó kan kò ní dá ẹni ibùdó míì mọ̀. Bí ẹ bá ti kó kúrò ní Áílàǹdì lọ sí Ìkòròdú láì gbé orúkọ yín kúrò, ọkọ̀ kì í rìn lọ́jọ́ ìdìbò; kò sí bí ẹ ṣe máa fẹsẹ̀ rin Third Mainland. Lábẹ́ òfin ìdìbò 2022 tí wọ́n lò fún ìdìbò 2023, ó kéré tán ọjọ́ 90 ṣáájú ìdìbò ni èèyàn ti gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè fún àtigbé orúkọ lọ sí ibòmíì.

Ní 2023, agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n parí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago náà tó lù á dìbò. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yẹ ìka tàbí ojú yín wò, wọ́n á wo orúkọ yín nínú ìwé, wọ́n á fi tàdáwà sí yín ní èékánná, kí ọ̀gá ibùdó tó fún yín ní ìwé mẹ́ta: ti ààrẹ, ti sẹ́nétọ̀, ti aṣojú-ṣòfin. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti fọwọ́ sí i, tó sì lù ú ní òǹtẹ̀. Ìwé tí kò ní àmì yẹn lè di ìbò tí wọn ò kà, ẹ̀bi náà kò sì ní jẹ́ tiyín.

Tàdáwà ló ń ba ìbò jẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Ẹ rọra tẹ àtàǹpàkò sínú àpótí kékeré ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì ká ìwé náà lóròó, kí tàdáwà má bàa lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó wà ní òdì kejì. Bí ọwọ́ bá ṣì kí ẹ tó jù ú sínú àpótí, ẹ dá a padà fún ọ̀gá ibùdó, ó lè fún yín ní òmíràn. Iye ìbò tí wọ́n fagi lé nínú ìbò ààrẹ l'Ékòó ní 2023 jẹ́ 64,278. Ìbò 9,848 péré ni Labour fi ṣáájú APC: 582,454 sí 572,606.

Nínú ìdìbò yẹn náà, pẹ̀lú bí Labour ṣe mú ìbò ààrẹ l'Ékòó, APC ló mú ìjókòó sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Labour sì rí ìjókòó aṣojú-ṣòfin mú ní Etí-Ọ̀sà àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tirẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ tí òfin béèrè lọ́wọ́ ààrẹ kò kan aṣòfin. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù lẹ́kùn, kódà kó fi ẹyọ kan lé, ló wọlé. Nínú 7,060,195 tó forúkọ sílẹ̀ l'Ékòó, 1,347,152 ni ẹ̀rọ yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá pín àwọn wọ̀nyẹn sí ẹkùn 24, ẹ óò rí i pé àdúgbò mélòó kan lè gbé ẹnì kan wọlé.

Ibi tí nǹkan ti ń dojú rú jù ni lẹ́yìn kíkà. Tí wọ́n bá ti kéde ti ààrẹ tán, èrò á túká, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ilẹ̀ á ti ń ṣú, ti sẹ́nétọ̀ àti ti aṣojú-ṣòfin á sì wá di ohun tí wọ́n ń kà fún ìwọ̀nba èèyàn. Ẹ dúró. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó sí, EC8A ni ti ààrẹ, EC8A(I) ti sẹ́nétọ̀, EC8A(II) ti aṣojú-ṣòfin. Ẹ ya àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tàbí ti èsì tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere. Lẹ́yìn náà ẹ ṣírò ó. Àròpọ̀ ìbò gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bá iye ìbò tó dára mu. Èyí tó dára pẹ̀lú èyí tí wọ́n fagi lé kò gbọ́dọ̀ ju iye ẹni tí BVAS yẹ̀ wò; bí ó bá jù ú, òfin ní kí wọ́n wọ́gi lé èsì ibùdó náà. Iye tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ àti èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ fi wọ́n wé ara wọn: odo kan péré tó wọlé láìyẹ ti tó.

Láti ibẹ̀ èsì á lọ sí wọ́ọ̀dù, á lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kó tó dé ibùdó àkójọpọ̀ ẹkùn. Bí àròpọ̀ wọ́ọ̀dù bá yàtọ̀ sí àwòrán tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ tètè gbé e fún agbẹjọ́rò olùdíje yín, torí pé ọjọ́ 21 péré lẹ́yìn ìkéde èsì ni ìwé òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ni òpin ẹjọ́ ìbò aṣòfin.