Ohun tí ojú wa rí lọ́nà Kàbà nínú ọyẹ́

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi gbéra ní Ẹ̀gbẹ̀, a ń lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ wa ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ní Kàbà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àbíkẹ́yìn wọn kò tíì dá wa mọ̀ dáadáa, inú fóònù ló ti máa ń rí wa. Láti ọjọ́ tí ọmọ wa ti ní kí a wá ni inú mi ti ń dùn, tí mo ń kó ẹrù jọ díẹ̀díẹ̀. N ó sọ ti ayọ̀ yẹn tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti awakọ̀ tó gbé wa lọ, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ọ̀nà náà kò ṣòroó mọ̀. Téèyàn bá ti kúrò ní Ẹ̀gbẹ̀, á gba Ìsánlú, á gba Mọ̀pà àti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ kó tó wọ Kàbà. Téèyàn bá sì kọjú sí òdìkejì, ọ̀nà yìí náà ló máa gbé e dé Òmù-Àrán àti Ìlọrin. Títí di August 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, ará Kwara ni wá, ọ̀dọ̀ Ìlọrin lẹsẹ̀ wa sì mọ́ jù. Kódà lónìí, Ìlọrin ṣì yá wa lára ju Lọ́kọ́ja lọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fa ìyẹn gùn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ojúmọmọ ló yẹ kéèyàn rin ọ̀nà yìí. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti mú kí gbogbo àwa ará ilẹ̀ Ọ̀kun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogi, máa sáré kúrò lójú títì kí oòrùn tó wọ̀.

Nítorí ẹ̀ la ṣe dé gáréèjì ní aago méje àárọ̀, nígbà tí ọyẹ́ ṣì bo gbogbo òrùlé. Awakọ̀ ní èrò méjì péré ló kù. Èrò méjì yẹn ni a dúró dè títí aago mẹ́wàá fi kọjá. Bí Bàbá bá bèèrè, á ní, "Bàbá, a ti ń lọ báyìí." Á tún lọ dúró sídìí ọmọbìnrin tó ń ta káàdì, á máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti sanwó ọkọ̀, ₦5,000 lórí ẹnì kan, tó sì ti jókòó sínú ọkọ̀, ó dàbí ẹni pé wọn ò kà á sí èèyàn mọ́.

Ẹrù wa kò pọ̀ lójú tèmi: àpò iṣu kan, kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, òrí tí mo dì sínú ewé, àti báàgì aṣọ. Kí wọ́n tó gbé e sí bùútù ni mo ti bèèrè pé èló ni owó ẹrù. Ọmọkùnrin tó ń dì í ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, kò sí wàhálà." Ìgbà tí ọkọ̀ kún tán, tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, tí ẹ́ńjìnnì ti ń kùn, ló wá yọ orí sí ojú fèrèsé pé ẹrù Màmá, ₦3,000. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà tí mo bèèrè? Ó ní tí owó náà bá pọ̀ jù, kí a sọ̀ kalẹ̀ kí a sì kó iṣu wa. Ọmọ tí mo lè bí ní àbíkẹ́yìn! A sanwó, nítorí ọkọ̀ mìíràn kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ kan ẹrù yín títí wọn yóò fi dá iye lé e, kí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ sì gbọ́ ọ.

Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú kò sí ìṣòro. Káṣú ti ń yọ òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, eruku ti sọ ewé wọn di funfun, iná ìgbẹ́ sì ń jó níbi púpọ̀. Ẹ̀yìn Ìsánlú, kí a tó dé Mọ̀pà, ni nǹkan fọ́ "páà" lábẹ́ ọkọ̀. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde láti ibi ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ páákì, ó ṣí i, ó fa bẹ́líìtì kan jáde. Mo rí bẹ́líìtì náà kedere torí pé ó jù ú sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi: ó ti gbó, ó ti sán káàkiri, fọ́nrán inú rẹ̀ ti ń yọ síta bí irùngbọ̀n òbúkọ. Kò sí ẹni tó rí i tí kò ní mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta tó fi ń bá ọmọbìnrin tó ń ta káàdì rẹ́rìn-ín ní gáréèjì, ṣé kò tó láti yẹ ẹ́ńjìnnì wò ni?

Ó dá ọ̀kadà kan dúró, ó gun ún lọ, kò sọ ìgbà tí yóò padà. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọyẹ́ ilẹ̀ wa mọ bó ṣe ń rí: oòrùn ń mú lókè, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti ọ̀nà aṣálẹ̀ ń fẹ́ nísàlẹ̀, ètè ń là, eruku ń wọ imú. Èyí tó ń já mi láyà jù ni ojú Bàbá. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí eruku má kàn án. Mo tú ìborùn mi, mo fi wé orí àti ojú wọn, wọ́n kọjú sí ara ọkọ̀. Bí tírélà bá ti kọjá, gbogbo ibẹ̀ á ṣú.

Obìnrin kan ló gbà wá sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ ló ti ń din àkàrà, lábẹ́ igi máńgòrò, níwájú ilé alámọ̀ kan. Ó rí wa lókèèrè, ó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá wa. "Ọ̀kun o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má dúró sínú afẹ́fẹ́ yìí." Ẹ̀yìn ilé tí ògiri ti gba afẹ́fẹ́ dúró ló mú wa lọ. Ó bu ògì gbígbóná fún Bàbá nínú abọ́ tánganran, ó kó àkàrà lé ewé fún wa, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, tí etí rẹ̀ ń ró wárawàra lẹ́nu, tí inú rẹ̀ sì rọ̀, tí àlùbọ́sà ń ta sánsán. Ẹ̀wà tí wọ́n bó eèpo rẹ̀ dáadáa ni, kò sí àdàlù kankan níbẹ̀. Mo ti jẹ àkàrà láwọn ilé oúnjẹ tí fáànù ń yí lókè, tí owó wọn ga, kò sí èyí tó tó o. Nígbà tí Bàbá ní kí àwọn sanwó, owó àkàrà nìkan ló gbà. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin máa gbowó ògì lọ́wọ́ àlejò tí ọkọ̀ dá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín ni?" Kí Ọlọ́run bá mi bù kún un. Mo ti sọ fún gbogbo ará ilé mi pé ẹni tó bá ń kọjá níbẹ̀, kó yà kó ra àkàrà.

Ó ti lé ní aago kan ọ̀sán kí awakọ̀ tó dé. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó de bẹ́líìtì, a tún gbéra, a kọjá Mọ̀pà. Ìgbà tí a dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ló tún yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní òun ò lè dé Kàbà mọ́, pé bí òun bá lọ, ilẹ̀ á ṣú bá òun kí òun tó padà, kí oníkálukú wá ọkọ̀ mìíràn. Ó ń fi ₦500 lé èèyàn kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́!

Ọ̀gá ilé-ìwé ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn kì í pariwo. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ dúró níwájú ọkọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní, "Owó Kàbà lo gbà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ fọn fèrè, wọn ò mira. Obìnrin kan tó pọ̀n ọmọ lọ dúró tì wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tún lọ. Kò pẹ́, gbogbo èrò ti wà níwájú ọkọ̀. Ìgbà yẹn ló tó dá ₦1,500 padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó ẹrù ní tirẹ̀, ó ní òun kọ́ ló gbà á, ọmọ gáréèjì ló gbà á.

Ọmọ wa, tó ti ń pè wá látàárọ̀, kúrò níbi iṣẹ́, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wá bá wa ní Ayétòrò. Bó ṣe rí wa, inú eruku ló dọ̀bálẹ̀ sí, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun iṣẹ́ rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́." Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Ilé wọn wá tura! Ìyàwó wa ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún wa kí a tó wọlé, ó ti da aṣọ tó nípọn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ti fèrèsé tó kọjú sí ibi tí ọyẹ́ ń gbà wọlé. Mi ò sọ ohun kan fún un tẹ́lẹ̀. Òwúrọ̀ Kàbà nínú ọyẹ́ kò ṣeé fi ṣeré, àárín òkè ni ìlú náà wà, òtútù ń mú débi pé kò sí ẹni tó fẹ́ yọ ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ aṣọ. Kíjìpá ìyá mi tí mo gbé dání ni mo fi bo àwọn ọmọ. Òfì àwọn obìnrin ilẹ̀ Yàgbà ni, òwú tí wọ́n fọwọ́ ran, ó wúwo, kò sí búláńkẹ́ẹ̀tì ọjà tó ń móoru tó o. Ọmọ wa fẹ́ gbé wa lọ sí Ògìdì, ìlú Nike Okundaye, kí a lọ wo àdìrẹ àti aṣọ híhun, ṣùgbọ́n ojú Bàbá ni mo rò, mo ní ó di ìgbà mìíràn.

Àbíkẹ́yìn wọn sá fún wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yìn ìró ìyá rẹ̀ ló ń fara pamọ́ sí. Ètè rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ. Ìyàwó wa ní àwọn ti ra ìpara olówó ńlá, kò ràn án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a dá iná sẹ́yìn ilé, gbogbo wa yí i ká. Mo bu òrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo na ọwọ́ sókè iná títí ó fi yọ́, mo fi pa ètè Bàbá, mo fi pa tèmi. Ọmọ náà ń wò mí. Nígbà tó yá, ó wá fúnra rẹ̀, ó na ẹnu. Mo pa á fún un. Kò kúrò lẹ́sẹ̀ mi mọ́ títí di alẹ́, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà rẹ̀.

Ìdí iná yẹn náà ni mo ti mu kọfí. Aládùúgbò wọn ló gbìn ín, wọ́n máa ń gbin kọfí ní ilẹ̀ Kàbà àti Ìjùmú, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ìyàwó wa yan èso náà nínú agbada irin títí ó fi dúdú, ó gún un, ó sè é. Ó korò díẹ̀, ó ta sánsán, ó dára ju ti inú agolo lọ fíìfíì. Lọ́sàn-án, ó fi iṣu tí a gbé wá gún iyán, kò sí kókó kan nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ ló fi gbé e. Ìyàwó wa, o ṣeun, o kú iṣẹ́. Mo kọ ọ́ síbí kí gbogbo ayé lè kà á.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la padà. Ní gáréèjì Kàbà, awakọ̀ wo ẹrù wa: àpò ọsàn, èlùbọ́, kọfí, ẹrù tó ju ti ìlọ lọ dáadáa. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó ti ní, "Màmá, ₦4,500 ni owó ọkọ̀, ẹrù yín kò ní owó." Ọ̀nà kan náà o! Kò tíì tó aago mẹ́wàá tí a fi wọ Ẹ̀gbẹ̀.

Bàbá ti kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ti ọjọ́ Ẹtì sínú ìwé wọn. Àná la lọ bá alága àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Ó gbọ́ wa dáadáa, ó fún wa ní àga, ó ní kí a padà wá ní Ọjọ́rú kí òun pe awakọ̀ náà àti ọmọ tó gba owó ẹrù. A ó lọ. ₦3,000 yẹn, a máa gbà á.