Ìṣẹ́jú 11 Tó Kù Sí Mi Lọ́wọ́

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, nǹkan mẹ́rin ni mo kọ sínú ìwé pé mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ kan òrùlé ilé tí mò ń kọ́ lọ́nà Ọ̀dà. Mo fẹ́ san owó alájẹṣẹ́kù tí mo yá tán. Mo fẹ́ dín iyán alẹ́ kù. Ẹ̀kẹrin, mo fẹ́ jókòó ti Bàbá wa, kí n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n ro gbogbo ìrìn àjò wọn fún mi.

Òrùlé ti wà lórí ilé. Gbèsè ku díẹ̀. Ti iyán, ẹ má wulẹ̀ bi mí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé.

Bàbá kú ní oṣù kẹsàn-án. Gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn kò ju ìṣẹ́jú 11 lọ.

Awakọ̀ akẹ́rù ni Bàbá, fún ohun tó lé ní 30 ọdún. Wọ́n ń kó kòkó láti Oǹdó àti Ìdànrè lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Bó bá jẹ́ ọ̀nà Òkè-Ọya, obì ní àlọ, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ní àbọ̀. Kí wọ́n tó di awakọ̀, Kùmásí ni wọ́n ti ń tajà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rín ni Bàbá fi ń sọ ọ́: "Ọ̀sẹ̀ méjì ni Busia fún wa. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀ wá ẹsẹ̀ bàtà mi kejì." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Mo ti dàgbà kí n tó ronú bi wọ́n pé, ọjà tí wọ́n ń tà ńkọ́? Wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀." Wọ́n sì ní kí n lọ bu omi wá.

Wọ́n kó orúkọ bọ̀ láti ibẹ̀ ṣá. Ama ni wọ́n ń pè mí, nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n bí mi. Ìyá kan ládùúgbò wa rò títí pé àmàlà ni wọ́n gé kúrú.

Àwàdà Bàbá kì í kúrò lórí mọ́tò. O bá kí wọn pé ara ńkọ́, wọ́n á ní, "Ẹ́ńjìnì dáa, táyà ló ti jẹ." Ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn ni jíà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ́ìlì. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè. Wọ́n wò ó lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mo fẹ́ yà ni?" Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí, kò rántí ohun tó fẹ́ kọ sílẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó dùn jù nílé wa ni ti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àjíǹde, tí Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì tí wọ́n ti ń wakọ̀ sílẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá ní àwọn wà lórí afárá Jẹ́bà tí ọkọ̀ kan dojú kọ àwọn, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ yẹ̀ fún ẹnì kejì. Ní ọdún mìíràn, Ìlọrin ló ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi búra pé Lọ́kọ́ja ni òun gbọ́, tí mọ́tọ̀bọ̀ì sì ti sọ̀kalẹ̀ tó ń gbàdúrà. Níbi ìsìnkú, lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ àgbà mẹ́ta tó kù lára ẹgbẹ́ wọn ti fun fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ yìí dìjà láàárín wa. Bùọ̀dá wa fi òbúkọ kan ta tẹ́tẹ́ pé Jẹ́bà ni.

Ìṣẹ́jú 11 yẹn wá ńkọ́? Oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀, kò síná. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, fóònù ni wọ́n ń bú. Kí ló dé tí kò ní bọ́tìnnì? Ṣé ó ń gbọ́? Wọ́n fi Twi, èdè àwọn ará Kùmásí, kí i, bóyá ìyẹn ló gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ ẹ̀pà fún ìgbà díẹ̀. Mo wá bi wọ́n nípa 1972, pé ìlú wo gan-an ni. Wọ́n dákẹ́. Ariwo òjò lórí páànù nìkan lẹ ó máa gbọ́. Wọ́n wá ní:

"Ama, n ò jáde. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé mọ́tò sí gáréèjì, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó yọjú sí títì."

Ẹ̀rín gbà wọ́n, ó di ikọ́. Lẹ́yìn ikọ́: "Má sọ fún wọn o."

Mo ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé kò sí Jẹ́bà, ọ̀rọ̀ bàtà Kùmásí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí bàtà méjèèjì ti wà lẹ́sẹ̀ wọn láti ọjọ́ kìíní, kó jẹ́ pé ọjà yẹn ni wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó wò. Ìbéèrè tí n kò bi nìyẹn.

Ní ọjọ́ ọdún tuntun, gbogbo wa ń pàdé nílé Bàbá ní Òkè-Àró. Bùọ̀dá ti so òbúkọ mọ́lẹ̀, asun la fẹ́ fi ṣe. Mo ti pinnu pé ó di ìgbà tí a bá jẹ ẹ́ tán kí n tó mú fóònù jáde. Èmi ni Bàbá ní kí n má sọ fún wọn. Wọn kò bá fóònù sọ ọ́.