Pápá Kékeré Ni Ọmọdé Ti Ń Mọ Họ́kì Orí Yìnyín

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní họ́kì orí yìnyín, mo mú bébà kékeré kan dání lọ síbi ìdíje wọn kan, mo sì pinnu pé n kò ní ṣe ohun mìíràn ju pé kí n máa fàmì sí i ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá ọmọ kan ṣoṣo bá kan pọ́ọ̀kì, ìyẹn róbà dúdú pẹlẹbẹ tí a ń gbá nínú eré náà. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọ tí mo yàn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì bẹ̀rù. Gbogbo pápá ni wọ́n lò lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń lò ó. Nígbà tí fèrè ìparí dún, àmì 3 péré ló wà lórí bébà mi, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ pé pọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọ̀pá rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ọmọ náà ti sáré títí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn ló ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bébà yẹn ló yí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ni padà. Pápá tí wọ́n ń lò ní ìdíje NHL, ìyẹn líìgì àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, gùn ní 200 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì fẹ̀ ní 85. Ti ìdíje àgbáyé gùn ní 60 mítà, ìbú rẹ̀ sì wà láàárín mítà 26 sí 30. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó ti mọ eré sísá lórí irin bàtà yìnyín ni wọ́n wọn irú pápá bẹ́ẹ̀ fún. Bí a bá da ọmọ 10 tí kò tíì lè dúró dáadáa sórí rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì tí ẹsẹ̀ wọn yá ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ ni yóò gba pọ́ọ̀kì lọ, àwọn yòókù yóò sì máa ṣù tẹ̀lé wọn bí oyin tó ń lé ẹni tó fọwọ́ kan ilé wọn. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló ń rí i kọ́ sí i, àwọn tó nílò ẹ̀kọ́ gan-an kì í rí nǹkan mú bọ̀ níbẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí èyí. Ní ọdún 2009 ni USA Hockey, àjọ tó ń bójú tó eré náà ní Amẹ́ríkà, gbé ètò ìkọ́ni tí wọ́n pè ní American Development Model kalẹ̀, tí wọ́n sì dá a lábàá pé kí àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 8 lọ máa gbá eré wọn ní ìdábùú pápá, tó fi jẹ́ pé pápá kan tí a pín sí mẹ́ta lè gba eré mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Hockey Canada, àjọ irú rẹ̀ ní Kánádà, sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di dandan fún àwọn ọmọ ọdún 5 àti 6 ní sáà 2017 sí 2018. Àwọn òbí kan bínú nígbà náà, mo sì ṣì ń bá àwọn tó ń bínú pàdé. Wọ́n ní eré gidi kọ́ nìyẹn, wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní mọ òfin ọ́fúsáìdì. Ohùn wọn yé mi, nítorí pé ìdájí ni wọ́n ń jí gbé ọmọ wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 10 lè mọ ọ́fúsáìdì láàárín ọ̀sán kan tí a bá yà á sójú pátákó fún un, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ tó dé ọdún 10 tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ pọ́ọ̀kì, tí ojú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ yìnyín nígbàkígbà tó bá gbà á, yóò jìyà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Eré kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Mo máa ń gbé àwọ̀n méjèèjì sí àárín àyè tí a pín, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọmọ mẹ́ta dojú kọ ọmọ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó lè sáré tààrà lọ gbá góòlù mọ́, nítorí pé ẹni tó bá gba pọ́ọ̀kì níwájú àwọ̀n tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ká kí ó tó dé èkejì, bí ó sì ṣe ń yí ni ẹni tó ń lé e ń yí. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń wo ẹ̀yìn èjìká, bí a ṣe ń dá ẹsẹ̀ dúró lójijì, àti bí a ṣe ń fi pọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní òdìkejì láìjẹ́ pé mo la ẹnu mi.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 kan wà lọ́dọ̀ mi tó jẹ́ pé òsì nìkan ló máa ń yà sí. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, mo ti to kóònù fún un láti gba ọ̀tún rẹ̀ yí ká, kò yí padà. Lọ́jọ́ kan nínú eré yìí, ọmọkùnrin kan dí ọ̀nà òsì mọ́ ọn pátápátá. Mo rí i tó dúró díẹ̀, orúnkún rẹ̀ wálẹ̀, ó sì gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì. Irin bàtà yìnyín ní etí méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn. Etí inú ló fi tẹ yìnyín lọ́jọ́ náà, tí ìyẹ̀fun funfun fi fọ́n jáde lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó sì ti kọjú sí ọ̀tún kí ọmọkùnrin náà tó mọ̀. Kò gbá góòlù kankan, pọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ kan ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n. Ṣùgbọ́n ó tún yà sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì sí i kí n tó fun fèrè, inú mi sì dùn débi pé n kò lè sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú eré orí àyè kékeré ni pé kí ó mú òfin tó yẹ, kí ó sì gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n máa pín pọ́ọ̀kì, n kì í pariwo pé kí wọ́n pín in; mo máa ń fi ọmọ kan láti ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ pápá, mo sì máa ń ní góòlù kò jẹ́ góòlù àfi bí ọmọ yẹn bá ti kan pọ́ọ̀kì kí wọ́n tó gbá a. Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n dáàbò bo pọ́ọ̀kì, mo máa ń kó wọn sínú ọ̀kan nínú àwọn róbótó ńlá tí wọ́n yà sórí yìnyín, èyí tí ìbú rẹ̀ tó mítà 9, kí kálukú mú pọ́ọ̀kì tirẹ̀, kí ó máa ṣọ́ ọ, kí ó sì máa gbìyànjú láti ta ti ẹlòmíràn síta. Òfin kan ṣoṣo ni lẹ́ẹ̀kan. Mo ti ṣe àṣìṣe fífi òfin 4 sínú eré kan rí, àwọn ọmọ náà sì dúró wò mí bí ẹni tí wọ́n fi èdè àjèjì kí.

Síbẹ̀, n kò sí lára àwọn tó ń sọ pé eré nìkan ti tó. Ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń ṣubú àti bí a ṣe ń dìde kò lè gbádùn eré kankan, nítorí náà ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní: kí ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún ẹsẹ̀ yẹn, kí ó sì dìde. Lẹ́yìn náà ni kí ó mọ bí a ṣe ń dúró, nípa títẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì síra wọn tí ẹsẹ̀ yóò sì máa ha yìnyín lọ síwájú. Ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 ni mo ń lò fún irú nǹkan báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a tó bọ́ sínú eré.

Ohun èlò pàápàá gbọ́dọ̀ bá ara ọmọ mu. Pọ́ọ̀kì àgbàlagbà wúwo tó gírámù 170. Èyí aláwọ̀ búlúù tí a ń fún àwọn ọmọdé kò ju nǹkan bí gírámù 113 lọ, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń hàn lọ́gán nínú bí ọrùn ọwọ́ ọmọ ṣe ń yí. Ọ̀pá tó bá ga kọjá àgbọ̀n ọmọ nígbà tó wọ bàtà yìnyín, ẹ gé e. Akoto tó ní àwọ̀n irin lójú, ìbọ̀wọ́ àti ààbò ọrùn kò ṣeé fojú fò rárá, nítorí pé àyè tóóró máa ń mú kí wọ́n kọlu ara wọn, kódà níbi tí kò ti sí ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ kọlu ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ni mo ń jẹ́ kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lò kí n tó fun fèrè. Ẹni tó ń jáde á fi pọ́ọ̀kì sílẹ̀ níbi tó wà, ẹni tó ń wọlé á sì sáré gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ gbé àwọ̀n méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú pápá, kí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹni tó ń dí àwọ̀n tirẹ̀ lè di ẹni tó ń gbá góòlù láàárín ìṣísẹ̀ méjì. N kò tíì sọ fún wọn. Mo fẹ́ wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé ojú sókè.