Wọ́n fẹ́ fún mi lówó máruwá

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò rò pé mo máa kọ nǹkan kan lónìí, àmọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ò kúrò lọ́kàn mi.

Mo ń bọ̀ jẹ́jẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ti fẹ́ ya sí ọ̀nà Òkè-Ajé, ni mo gbọ́ "Télọ̀! Télọ̀!" Mo wẹ̀yìn, ìyá kan tí wọ́n ń ta gàrí ni, kọ́sítọ́mà mi, ojú wọn ti fà ro. "Ṣé kò sí o? Ṣé o ti ta mọ́tò ni?" Mo ní rárá mà, ó wà nílé. Wọn ò gbà, wọ́n ti ń tú àpò ìdí wọn, ₦500 ni wọ́n fà yọ, pé kí n fi wọ máruwá. Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tún tì mí. Nílùú Ìjẹ̀bú-Òde yìí, tí wọ́n bá ti rí àgbàlagbà lórí kẹ̀kẹ́, gbèsè ti kó o nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ayé ń wò wá, ṣé mọ́tò làwọn ìdílé Balógun ń gùn wá ni? Ẹṣin ni, ẹṣin tí kò mọ ilé epo. Aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, tí mò ń rán fún ọdún yẹn ló ń bọ́ mi, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí n má purọ́ ṣá, èéfín mọ́tò tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ kọ́ ló gbé mi gun kẹ̀kẹ́, owó epo ni. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, lítà kan ò tó ₦200, nígbà tó fi di ìparí 2024 ó ti lé ní ₦1,000. Mẹkáníìkì mi ló wá sọ fún mi pé irú ìrìn kúkúrú témi ń rìn yẹn gan-an lèéfín ẹ̀ burú jù, pé nǹkan kan wà lára sàlẹ́ńsà tó ń sọ oró inú èéfín di èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ burú, àfi tó bá gbóná dáadáa kó tó lè ṣiṣẹ́, kó sì tó gbóná èmi ti dé ṣọ́ọ̀bù mo ti pa mọ́tò. Mo ní ó dáa, bá mi wo tèmi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ni mọ́tò náà ṣáájú mi ti gé e tà!

Àbúrò mi tó ń ná Èkó ti yí tiẹ̀ sí gáàsì, CNG. Ìyàwó mi ò wọ̀ ọ́, wọ́n ní ó máa bú gbàmù. Mo ṣàlàyé títí pé kì í ṣe gáàsì ìdáná, pé ti ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá jò ó máa sùn sílẹ̀ dé ìṣáná, ti mọ́tò fúyẹ́, òkè ló ń gbà lọ. Agbára tí wọ́n fi kì í mọ́nú sílíńdà ló pọ̀, ìdí nìyẹn tẹ́nì kan ò gbọ́dọ̀ gbé e fún wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹjọ́ tí àbúrò mi ń rò kò ju ti búùtù lọ, sílíńdà ti gbà á tán, àpò gàrí méjì ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Lọ́sàn-án iná lọ. Ọmọṣẹ́ mi gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wa síta, èyí tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, ó po ọ́ìlì mọ́ epo nínú ike, ó rọ ọ́ sínú ẹ̀, ó fa okùn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ́ìlì yẹn ni òun náà ń sun, èéfín ẹ̀ búlúù, ó wọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé bá wa. Mo bojú wo ṣòkòtò mi, gírísì ṣéènì ti ya ìlà dúdú sí etí ẹsẹ̀ ọ̀tún, èmi tí mò ń ránṣọ fáyé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá onígàrí ń kọjá lọ sílé. Wọ́n fi ìborùn bo imú, wọ́n hukọ́ díẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn o. Kẹ̀kẹ́ tí mo gbé ti ògiri ni wọ́n ń wò, wọ́n ń mirí.