Fíríìjì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dì, tí òkè rẹ̀ kò sì tutù

Bí fíríìjì tí fírísà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bá ń sọ omi di yìnyín dáadáa, ṣùgbọ́n tí oúnjẹ inú yàrá òkè ń bàjẹ́, ẹ má tíì di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì tó ń mú fíríìjì tutù yíká inú páìpù rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú fíríìjì bẹ́ẹ̀, inú fírísà ni òtútù ti ń wá, fáànù kékeré kan ló sì ń fẹ́ ẹ gòkè láti ẹ̀yìn. Bí yìnyín bá ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, tàbí tí fáànù náà kò yí mọ́, òtútù kò ní ríbi gbà.

Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ títí gbogbo yìnyín yóò fi yọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, nítorí pé bí ọ̀bẹ bá lu páìpù gáàsì, ìnáwó ńlá dé nìyẹn. Bí yìnyín náà bá tún padà láìpẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yà tó máa ń yọ́ ọ ti bàjẹ́, oníṣẹ́ ló sì kù kí ẹ pè.

Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn náà ṣe pàtàkì: ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ bébà kan, kí ẹ sì fà á; bí bébà náà bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà náà kò dì mọ́ra tó.